Agogo Aago Mẹ́ta

Etí Bàbá Famákinwá kò gbọ́ràn mọ́.
Ọdún tí òrùlé ìjọ wa ní Ìta-Ògbólú bẹ̀rẹ̀ sí í jò
ni etí náà bẹ̀rẹ̀ sí í dí, díẹ̀díẹ̀,
bí ilẹ̀kùn tí igi rẹ̀ mu omi òjò.
Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé okùn agogo.
Ó ní àtẹ́lẹsẹ̀ lòun fi ń gbọ́ ọ,
pé ilẹ̀ ló ń sọ fún òun pé ó ti dún.

Lóru Àbámẹ́ta mọ́jú ọjọ́ Ìkórè,
òṣùpá tàn bí abọ́ tánganran tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.
Bàbá lajú, ó rí ìmọ́lẹ̀ lójú fèrèsé,
ó ní, "Mo mà ti sùn jù o."
Ó wọ kásọ̀kù, ó ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ bàtà òsì.
Aago mẹ́ta òru.
Gọ̀ọ́n! Gọ̀ọ́n! Gọ̀ọ́n!

Ta ni kò mọ ohun tí agogo òru ń wí?
Iná ni. Tàbí òkú. Tàbí olè.
Ìyá Olúgbùyì sáré jáde pẹ̀lú garawa omi.
Akíntómidé mú àdá, ó gbàgbé ṣòkòtò,
aṣọ ìbora ìyàwó rẹ̀ ló so mọ́ ìdí.
Wọ́dìn Adéwùnmí àti Fálóyè,
tí wọ́n ti ń ṣẹjọ́ ààlà oko kòkó láti ọdún márùn-ún,
pàdé ní oríta, wọn ò kíra,
ṣùgbọ́n tọ́ọ̀ṣì ẹnì kan ṣoṣo ló ní bátìrì.
Wọ́n jọ rìn.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, ilẹ̀kùn ti ṣí gbayawu,
àbẹ́là méjì ń jó lórí pẹpẹ.
Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi eyín mẹ́rin rẹ́rìn-ín:
"Ẹ káàárọ̀ o! Ẹ mà tètè dé lónìí!
Láti ìgbà tí mo ti ń lu agogo yìí,
n kò rí i kí ìjọ kún báyìí rí."

Kò sẹ́ni tó fèsì.
Garawa Ìyá Olúgbùyì rọra kanlẹ̀.
Gbogbo wa wá kọjú sí Àlùfáà Olówólàfẹ́,
ọmọdé àlùfáà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti Àkúrẹ́,
tí a ti ń kùn pé ìwàásù rẹ̀ gùn jù.
Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀,
ó bọ́ ọ, ó sọ ọ́ sápò.
Ó tẹnu mọ́ etí bàbá, ó pariwo:
"Ẹ ṣeun, bàbá. Àsìkò gan-an lẹ lù ú."

La bá jókòó.
Àwọn ọmọdé sùn lórí àpò kòkó,
òtútù ń gba abẹ́ bẹ́ńṣì wọlé,
iṣu ìkórè tí a ti tò síwájú pẹpẹ ń wò wá.
Nígbà tó yá, Ìyá Ìjọ dìde, kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni,
ó gbé mẹ́rin tó tóbi jù nínú wọn,
ó dáná sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.
A jẹ iṣu sísun, epo ń kán sára aṣọ ìsùn.
Wọ́dìn kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò:
*Iṣu mẹ́rin. Ọlọ́run ló rà á.*

Ilẹ̀ mọ́. A kọrin àkọ́kọ́ láìwẹ̀, láìyarun.
Bàbá ti sùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn rẹ̀.

Mi ò sọ pé ayé yí padà o.
Ẹjọ́ ààlà oko ṣì wà ní kóòtù,
òrùlé ṣì ń jò sórí àwọn olóhùn ìsàlẹ̀.
Ọmọ Fálóyè ló ń lu agogo báyìí,
fóònù ló fi ń wo àkókò,
kì í ṣì í, kódà ìṣẹ́jú kan.

Ṣùgbọ́n bí mo bá tají lóru,
tí òṣùpá bá mọ́ tó bẹ́ẹ̀,
mo máa ń sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ látorí bẹ́ẹ̀dì,
kí n tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́ ilẹ̀ tútù,
kí n dákẹ́.