Ẹni Tó Ní Gbólóhùn Méjì

Ní Kutaisi, lọ́dún tí etí odò Rioni dì gbagidi,
iná mànàmáná a máa lọ ní aago mẹ́rin,
Olùkọ́ Lamara a sì gbé àbẹ́là sínú ife tíì tó ti sán.
Àwa mọ́kànlá la rọ̀gbà yí sítóòfù ká,
èèpo ọsàn tá a tò sórí irin rẹ̀ ń ta sánsán.
Ìwé eré àtijọ́ kan ṣoṣo ló wà láàárín wa,
ojú ìwé kejìdínlógún ti já,
ẹnì kan tó ti kú ló fi pẹ́ńsù kọ ọ́ padà.

Eré náà ò lójú pọ̀.
Ọba wàjà, ó fi ọmọkùnrin méjì sílẹ̀.
Àbúrò gba adé nígbà tí ẹ̀gbọ́n wà lójú ogun.
Ẹ̀gbọ́n dé lóru, yìnyín ń já lu asà rẹ̀,
ó kan ìlẹ̀kùn ìlú,
wọn ò ṣí i.
Ìran karùn-ún: òwúrọ̀, òkú.

"Ta ló jẹ̀bi?" Lamara bi wá,
bó ti ń bi gbogbo kíláàsì láti ogún ọdún.
Mzia ní àbúrò ni, ojúkòkòrò ni kókó ìwé náà.
Zaza, ọmọ dókítà, ní àyànmọ́ ni,
ó sọ ọ́ bí ẹni tó bá àyànmọ́ jẹun láàárọ̀.
Tsiala ní ìyá ni, ìyá tó mọ̀, tó dákẹ́,
tó jókòó ti iná, tó ń hun ibọ̀sẹ̀ fún ọmọ kan.
Èmi ní ẹ̀gbọ́n ni. Kí ló dé tí kò pariwo ju bẹ́ẹ̀ lọ?
Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi síbẹ̀, mo fa igi sí i nídìí.

Nugzar ò tíì sọ nǹkan kan,
Nugzar tí bàbá rẹ̀ ń ṣọ́ géètì ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin,
tó ń wọ kóòtù bàbá rẹ̀ wá síléèwé
nítorí ọ̀sán ni bàbá ń sùn.
Ó na ìka sójú ìwé:
"Aṣọ́bodè ńkọ́?"

Aṣọ́bodè wo?
A gbé àbẹ́là, a wá a.
Kò lórúkọ. Gbólóhùn méjì ló ní nínú eré wákàtí mẹ́ta.
Lálẹ́: "Mo gbọ́, olúwa mi."
Láàárọ̀: "Ó ti dákẹ́."

"Kí ló gbọ́?" ni Nugzar wí. "Àṣẹ ni, àbí ìlẹ̀kùn?
Ọba ti sùn. Iná ń yá ìyá ọba.
Òun nìkan ló fara ti pákó náà.
Ó gbọ́ kíkàn àkọ́kọ́, ó gbọ́ ìkẹjọ,
ó gbọ́ nígbà tí ìkúùkù di èékánná.
Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tutù wọ eegun.
Bó bá ṣí i, ọmọ rẹ̀ ò ní rí búrẹ́dì jẹ lọ́la.
Ẹ wò ó, kò ní ẹni yẹn kú.
Ó ní ó dákẹ́.
Ẹni tó ń tẹ́tí nìkan ló mọ àsìkò tí ènìyàn dákẹ́."

Lamara bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún un nù.
Epo àbẹ́là ń kán sórí tábìlì.
Kò sọ pé ó gbà á, kò sọ pé ó kọ̀ ọ́.

Nígbà ìdánwò, ojúkòkòrò ni wọ́n bi wá,
ojúkòkòrò la kọ, a yege.
Nugzar kọ aṣọ́bodè. Máàkì mẹ́ta ni wọ́n fún un.

Mo tún wo eré náà lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, ní Tbilisi,
lórí àga fẹ́lífẹ́ẹ̀tì, èmi tí irun mi ti funfun.
Ọmọdékùnrin kan tí kóòtù tóbi jù fún
jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, ó ní, "Ó ti dákẹ́,"
àwọn ènìyàn sì ti ń wá bàtà wọn lábẹ́ àga,
ẹnì kan ń wúkọ́,
mo di ọwọ́ àga mú,
mo ń tẹ́tí.