Ohùn Inú Fóònù

Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀. Òjò ń rọ̀ ní Bergen níbi tí mo jókòó sí.
Ní Tromso níbi tí wọ́n ti pè mí, oòrùn kò ní yọ títí di oṣù tó ń bọ̀.
N kò rí wọn. Wọn kò rí mi.
Nọ́ọ̀sì ní Torunn ni òun. Obìnrin náà ní Abrehet ni òun.
Èmi ò lórúkọ. Nọ́ńbà ni mí.
Òfin iṣẹ́ mi kò ju méjì lọ:
má fi kún un, má yọ níbẹ̀.

Torunn bèèrè: láti òdo dé mẹ́wàá,
mélòó ni ìrora yín?
Mo gbé e sọdá sí èdè Tigrinya.
Kẹ́kẹ́ pa. Àga kan dún.
"Ìrora kì í ṣe ẹyin tí a ń kà sínú abọ́.
Ẹrù ni. Ẹni tó rù ú ló mọ bó ti wúwo."
Mo gbé e padà bó ṣe rí.
Torunn ní: ṣé kí n kọ méje?

Orí fífọ́. Ẹ̀yìn dídùn. Oorun tí kì í wá,
tó bá sì wá, omi ni, omi dúdú,
àti obìnrin kan tó ń rì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀.
Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ la ṣe ń sọ ọ́, "èmi" ni a ń pe ara wa.
"Mo di etí aṣọ rẹ̀ mú," ni mo wí. "Aṣọ náà ya."
Ọwọ́ mi ti di ìkúùkù lórí tábìlì,
kò sí nǹkan nínú rẹ̀.
Èmi náà gba òkun yẹn kọjá.
Wọn kò bi mí.

Láti ìgbà wo ni oorun ti fi yín sílẹ̀?
"Láti ọjọ́ tí mo yan kọfí."
Ó yan án ní ilé tuntun bí ìyá rẹ̀ ti ń yan án,
ó jẹ́ kí èéfín rẹ̀ rìn,
kí aládùúgbò gbóòórùn, kí ó wá jókòó.
Ohun funfun kékeré kan lára àjà figbe ta.
Panápaná mẹ́rin wọlé tàwọn ti bàtà ńlá.
Wọn ò bínú o. Ọ̀kan tilẹ̀ rẹ́rìn-ín.
Àmọ́ kò yan kọfí mọ́,
kò sì sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn láti ìgbà náà.

Torunn ka oògùn: òróró ẹja, ṣíbí kan láràárọ̀;
fìtílà kan tí a ń jókòó síwájú rẹ̀
bí ẹni tó ń yá oòrùn lò;
àwọn obìnrin kan tó ń rìn pọ̀ ní ọjọ́rú.
Mo kó gbogbo rẹ̀ sọdá, ṣíbí, fìtílà, ọjọ́rú.
Ṣé ẹ ní ìbéèrè?

"Mo ní ọ̀kan," ni Abrehet wí.
"Ìwọ tó wà nínú fóònù, ṣé o ti jẹun?"

Má fi kún un. Má yọ níbẹ̀.
Mo sọ fún Torunn: ó ń bi mí bóyá mo ti jẹun.
Torunn dákẹ́ díẹ̀.
Ó ní, ó dáa, ṣé o ti jẹun?

Mo ní rárá,
ní èdè méjèèjì.