Ìwọ̀n Àárọ̀

Kí oòrùn tó fojú kan odò Douro,
tí kùrukùru ṣì bo òrùlé Porto bí ìbora tí ẹnìkan kò ká,
Felisbela ti gbé òṣùwọ̀n ìyẹ̀fun sórí tábìlì.
Kò yan búrẹ́dì mọ́ láti ọdún Àjíǹde.
Odídẹrẹ́ ló ń wọ̀n.

"Gòkè wá, Zeferino. Rọra."
Ẹyẹ á gbé ẹsẹ̀ kan, á tún un gbé sílẹ̀,
á wo awo irin náà bí ẹni tó ń wo omi tútù,
kó tó gùn ún, ìkóodẹ rẹ̀ pupa fòò lẹ́yìn,
bí ẹni pé àìsàn kò tíì gbọ́ nípa rẹ̀.

Irinwó gíráàmù ó lé mẹ́fà:
ìyẹn ni ti oṣù kẹsàn-án,
kó tó di pé hóró òdòdó-oòrùn ń jáde lódidi,
bó ṣe gbé e mì náà ló ṣe ń yà á.
À ń ṣàdúrà pé kí odídẹrẹ́ má kú sóko ìwájẹ.
Ti Zeferino yàtọ̀: ó wà nídìí oúnjẹ,
ó ń jẹ, ebi ń pa á.

Dókítà Noémia kò fi iyọ̀ sọ́rọ̀, kò fi epo sí i.
Ó gbé fọ́tò inú ẹyẹ sójú iná;
ikùn rẹ̀ wú bí bàtà tí òjò mu.
"Fáírọ́ọ̀sì ni. Iṣan ló ń bá jà, iṣan tó ń rán ikùn níṣẹ́.
A ò ní oògùn tó lè lé e jáde.
A ní èyí tó lè bẹ̀ ẹ́."
Ẹ̀kán mẹ́ta láàárọ̀, mẹ́ta lálẹ́,
oúnjẹ rírọ̀, yàrá tó móoru,
òṣùwọ̀n lójoojúmọ́.
Felisbela béèrè ohun kan ṣoṣo: ṣé ó ń dùn ún?
Dókítà wo ọwọ́ ara rẹ̀.
"Nígbà mìíràn."

Ó gbé kànárì fún Custódia ìsàlẹ̀, kó má baà ràn án.
Apá kan ilé dákẹ́.
Adelino pè láti Luxembourg: "Màmá, ẹyẹ ni."
"Mo mọ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń gbá ìyẹ́ rẹ̀."

Nígbà tí òṣùwọ̀n kọ́kọ́ sọ pé irinwó ó dín mẹ́sàn-án,
Felisbela kà á sókè: "Irinwó ó lé mẹ́fà!"
Ó kà á bẹ́ẹ̀ lọ́la, ó kà á bẹ́ẹ̀ lọ́tùn-únla,
ẹnu rẹ̀ ń dún bí ẹni tó ń pe ọmọ tó yege.
Ìwé àkọsílẹ̀ nìkan ló mọ òótọ́.

Àwa ń pe ẹyẹ yìí ní ayékòótọ́:
òun a sọ ọ́, ayé a kọ̀ ọ́.
Ẹ wò ó lórí òṣùwọ̀n ìyẹ̀fun,
tó ń bá obìnrin kan purọ́.

Torí ní Ọjọ́bọ̀ kan, òjò ń na fèrèsé,
irinwó ó dín mẹ́tàdínlógójì,
kí Felisbela tó la ẹnu,
Zeferino ti sọ ọ́, ní ohùn obìnrin náà gan-an,
ohùn oṣù kẹsàn-án, tí ẹ̀rín wà nínú rẹ̀:
"Irinwó ó lé mẹ́fà!"

Ó fa àga, ó jókòó.
Ṣé báyìí ni mo ṣe ń dún?

"Rárá," ló wí. "Ó dín, Zeferino.
Irinwó ó dín mẹ́tàdínlógójì."

Ẹyẹ dorí kọ ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi ojú kan wò ó.
Ó gba oògùn lẹ́nu síríǹjì,
ó tu ìdajì sí apá aṣọ rẹ̀.
Felisbela kò nù ún.
"Irinwó," ni ẹyẹ wí. "Irinwó ó..."
Ó dákẹ́ síbẹ̀.
Omi ọ̀dùnkún ń hó dànù lórí iná,
obìnrin náà kò dìde,
ó ń dúró de ìyókù ọ̀rọ̀.