Àlòkù

Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sí i lára láti ìgbà ọyẹ́.
Nígbà tí katapílà wọ Fọ́kọ́, ní Ọjọ́rú kan tó rú lóòótọ́,
ilé bàbá mi kò bá a jiyàn.
Ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí àgbà tí orúnkún ń dùn,
ó wá jókòó pátápátá.
Eruku dìde, ó bò wá lójú:
ẹni tó ń sunkún àtẹni tí kò sunkún, ojú kan náà la mú.

Mo rò pé ó parí nìyẹn.
Mo ti pe onítípà tí yóò bá mi kó o dà
síbi tí gbogbo àdúgbò ń dà á sí,
etí odò Kúdẹtì, lóru, kẹ́nikẹ́ni má rí wa.
Mòdínátù, tó jókòó sórí àwókù bí ẹni jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, wò mí.
"Ẹ fẹ́ fi ilé yín há odò lọ́fun?
Bí àrọ̀kúrò bá dé, á pọ̀ ọ́ sí pálọ̀ ẹlòmíràn."
Mi ò lè fèsì. Mo ní kí onítípà máa lọ.

Làmídì gbé òòlù ńlá, ó lu líńtà,
kọnkéré là, irin yọ jáde bí eegun ẹja.
Irin tó dúró sójú kan fún ọgọ́ta ọdún bẹ̀rẹ̀ ìrìn:
ó gun ọmọlanke, ó gba Mọ̀kọ́lá, ó lọ.
Búlọ́ọ̀kù mẹ́tàdínlọ́gọ́fà ló ṣì pé,
a tò wọ́n bí ọmọ iléèwé tó ń dúró de ìpè.
Páànù tó dípẹtà, ẹni tó ń sin adìẹ l'Ápẹ̀tẹ̀ ló rà á.
Amọ̀ ògiri ẹ̀yìn kò wá oníbàárà;
òjò kan rọ̀, ó padà di ilẹ̀.
Èyí tó fọ́ yángá, Làmídì rún un wómúwómú,
ó fi dí kòtò ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí.
Mo gba ibẹ̀ kọjá ní Sátidé.
Ọ̀dà aró yàrá ìyá mi wà níbẹ̀, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.
Olóyún kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò kọsẹ̀.

Àlòkù la ń pè é.
Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ohun tí a lò tó kù,
kì í ṣe ohun tí a lò tó kú.
Àmì kékeré kan ló là wọ́n láàárín.

Ṣùgbọ́n ìṣó kan ń dùn mí.
Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà, òun ni bàbá mi ń kọ́ fìlà sí
kó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.
Mo bi Mòdínátù. Ó rẹ́rìn-ín.
Láti òwúrọ̀ ló ti ń na ìṣó tó wọ́ lórí òkúta,
èékánná méjì ti dúdú níbi tí òòlù ti ṣì í lù.
"Ìṣó ò lórúkọ lára, ẹ̀gbọ́n.
Agolo tòmátò kan, ẹgbẹ̀rin náírà."
Mo ra agolo kan. Mo ra ìkejì.
Nígbà tó yá mo ní kó da gbogbo rẹ̀ sínú àpò.

Yàrá tí mo háyà ní Mọ́níyà, ògiri rẹ̀ le.
Alaalẹ́ ni mò ń kàn án, ọ̀kọ̀ọ̀kan;
àwọn alájọgbélé ní orí mi ti dàrú.
Mo kan ọ̀kan, mo kọ́ fìlà sí i, mo wò ó.
Mo yọ fìlà.
Mo mú òmíràn.