Ta Ló Gbé Fóònù?

Òru ti jìn ní Òkè-Àdó,
àsìkò tí owó ìpè ń rọ̀ díẹ̀.
Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà àlòkù tí mo rà ní Dùgbẹ̀
bí ẹni tó fẹ́ tọrọ gáfárà.
Mo tẹ bọ́tìnnì. Módẹ̀mù figbe ta:
kírí-kírí, fììì, ṣááà, gbọ̀n-ùn, gbọ̀n-ùn,
bí ẹni ń fi irin họ ìdí ìkòkò,
bí ológbò méjì tó ń jà lórí páànù.
Ó kù díẹ̀ kó wọlé.
Ó já.

Mùdàṣírù, ọmọ tó ń tún rédíò ṣe lẹ́yìnkùlé wa,
ní: “Ẹ má tíì bú u, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kọ́kọ́ gbé fóònù sétí.
Ṣé ó ń dún hùùù bí oyin inú àgbá?
Bó bá dákẹ́, ẹ̀bi kọ̀ǹpútà kọ́.
Bó bá ń ta ṣàṣà bí ẹ̀pà inú yanrìn gbígbóná,
òjò ti wọ wáyà lórí òpó nìyẹn,
ẹ jẹ́ kí oòrùn ọ̀la bá yín ṣe é.”
Mo gbé e sétí. Hùùù.

“Ẹ wo okùn.” Mo wo okùn.
Eku ti tọ́ ọ wò níbi mẹ́ta,
kò dùn lẹ́nu rẹ̀, ó fi í sílẹ̀.
Mùdàṣírù fi tépù dúdú wé e
bí ẹni ń di ẹsẹ̀ tó dá.
“Nọ́ńbà kejì tí wọ́n fún yín ńkọ́?”
Éèjì ni mo tẹ̀ síbi tí ẹẹ́ta wà!
Láti ọjọ́ yìí wá, bàbá kan ní Mọ́kọ́lá ni mò ń jí lóru,
á ní “Hẹ́lò?”, módẹ̀mù á han mọ́ ọn létí.
Ọ̀rọ̀ ìwọlé: orúkọ ìyàwó mi ni,
lẹ́tà kéékèèké ni mo fi tẹ̀ ẹ́ dípò ńláńlá.
Morádékẹ́ gbọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì:
“Ẹ̀rọ pàápàá ti rí i pé ẹ ò kà mí sí.”

A tún gbogbo rẹ̀ ṣe. A tún pè.
Ó já. Ibì kan náà:
lẹ́yìn gbọ̀n-ùn kejì.

Mùdàṣírù fi ìka lé ètè.
Ó bọ́ sálúbàtà, ó yọ́ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀,
mo tẹ̀ lé e.
Nínú òkùnkùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù àtijọ́ tí mo ti gbàgbé pé ó ń ṣiṣẹ́,
Màmá dúró, ìró wọn dé àyà,
wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú:
“Láyíwọlá? Ọmọ mi, ṣé ìwọ lò ń ké báyìí?”
Wọ́n rí wa, ojú ò tì wọ́n rárá.
“Òtútù ti mú àbúrò rẹ.
Alaalẹ́ ni mò ń gbọ́ bí eyín rẹ̀ ṣe ń gbá pẹkẹ-pẹkẹ.
Bí mo bá ti dá a lóhùn báyìí,
á dákẹ́.”

Tọọnafíìsì wà lọ́wọ́ Mùdàṣírù.
Ìdè méjì péré ni ká tú, fóònù ọ̀dẹ̀dẹ̀ á kú,
ìṣòro á tán.
Ó wo Màmá. Ó wò mí.
Ó ti tọọnafíìsì bọ àpò,
ó ní òun ń lọ sùn.

Àga méjì ló wà níwájú kọ̀ǹpútà báyìí.
Bí módẹ̀mù bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké,
Màmá á fọwọ́ pa á lórí bí ọmọ tó ń yọ eyín:
“Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Pẹ̀lẹ́, ó tó.”
Lóòótọ́ ni, á dákẹ́. Á wọlé.
Lẹ́tà Láyíwọlá á wá máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀
bí omi ẹ̀rọ tí kò lágbára.
Lánàá, ìlà kan ṣoṣo ni mo rí kà:
Ẹ̀gbọ́n, òtútù ibí yìí kì í ṣe kékeré, ẹ má sọ fún
 
Nẹ́pà mú iná lọ.
“Mo ṣáà sọ fún yín,” ni Màmá wí nínú òkùnkùn.