Orúkọ Tó Wà Nísàlẹ̀ Fáìlì

Ní Leeds, lórí àjà kẹrin, òjò ń fọ fèrèsé,
a ń ta ẹ̀rọ tí í gba owó ìgbọ́kọ̀sílẹ̀.
Ẹ ti rí i rí: àpótí aláwọ̀ ewé lẹ́bàá ilé ìwòsàn,
tó ń bi yín pé, wákàtí mélòó?
Ìwé ìpolówó wa ní àwa la ṣe é látòkèdélẹ̀.
Èmi tí mo ń tú inú rẹ̀ mọ̀ pé irọ́ díẹ̀ ń bẹ níbẹ̀.

Apá tó ń ka aago, tó mọ̀ pé lóṣù kẹta
wákàtí kan máa ń sọnù nílùú yìí,
tí í sì í padà lóṣù kẹwàá bí ọmọ tó ṣìnà,
a ò kọ ọ́.
Clifford Stonehouse ló kọ ọ́, ní Whitby létí òkun.
Orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ fáìlì:
Ẹ lò ó, ẹ tún un ṣe, ẹ tà á bó bá wù yín,
ẹ ṣáà má yọ orúkọ mi.

A yọ ọ́.
Kì í ṣe ìkà. Ẹnì kan ló ń gbálẹ̀ kóòdù,
ó gbá orúkọ bàbá náà mọ́ pàǹtí.

Ní Sunday kan lóṣù kẹwàá, aago padà sẹ́yìn,
ẹ̀rọ wa gba owó wákàtí kan lẹ́ẹ̀mejì.
Máníjà ní, “Kọ̀wé sí ọkùnrin yẹn. Ní kó ṣe kíá.”
Mo ní, “Èló là ń san fún un?”
Ó gbójú sókè wo àjà. “Ṣebí ọ̀fẹ́ ni.”

Ọ̀fẹ́.
Kànga tí ò gbowó lọ́wọ́ ẹni
kò ní ká má mú okùn tiwa wá;
apá ṣì ń ro ẹni tó gbẹ́ ẹ.

Ó fèsì kí ilẹ̀ tó ṣú:
“Mo ti tún un ṣe. Ẹ má bínú pé ó pẹ́.
Ilé ìwòsàn Scarborough ni mo sùn mọ́jú, ọ̀dọ̀ ìyàwó mi.
Ẹ̀rọ kan níbẹ̀, aláwọ̀ ewé,
gba owó mi lẹ́ẹ̀mejì.”

Mo kà á tán, mi ò lè jẹ búrẹ́dì ọwọ́ mi.
Mo dá orúkọ rẹ̀ padà síbi tó wà, ìlà kan péré.
Ní ti owó, wọ́n ní ìgbìmọ̀ yóò jókòó.
Oṣù kẹta ń bọ̀.
Wákàtí kan á tún sọnù.