Àjà Kọkànlá

Ọdún tí mo pé mẹ́sàn-án ni ẹ̀rọ agbénirókè kú.
A ò sin ín. Wọ́n lẹ bébà mọ́ ọn lójú:
Ẹ ní sùúrù.
Sùúrù náà hu irùngbọ̀n.

Ansúfù, ìwọ lo ń ru omi Ìyá Tasadíìtì,
ìgò mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, àtẹ̀gùn ọgọ́sàn-án ó lé méje,
fún yúrò kan àti búrẹ́dì gbígbóná.

Àdúgbò Igi Ọ̀pọ̀tọ́ ni wọ́n ń pè wá.
Igi wo? Kọnkéré ni, àti okùn aṣọ,
àti Pẹjó tí kò ní táyà, yàrá ìgbàlejò wa.
Lókèèrè, òkun Màsẹ́ì ń dán bí ohun olóhun.
Bọ́ọ̀sì kì í kọjá aago mẹ́sàn-án alẹ́;
ẹni tó bá lọ wòkun, ẹsẹ̀ ni yóò fi bọ̀.

Nígbà tí lẹ́tà ìjọba dé, èmi ni mo kà á fún Màmá,
ọmọ ọdún mọ́kànlá, mò ń tú òfin sí èdè Kòmórò.
Mo dé ibi tí wọ́n kọ "wíwó palẹ̀", mo fò ó.
Mo ní, "Wọ́n fẹ́ tún un ṣe ni."
Màmá ra ọ̀dà aláwọ̀ ewé.
A kun yàrá wa lọ́jọ́ Àìkú,
irọ́ mi ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ lára ògiri.

Ọdún mẹ́fà ni òfin fi sùn.
Lónìí a dúró lẹ́yìn wáyà,
ẹ̀rọ ọlọ́rùn àgùfọn ń jẹ ilé wa láti òkè
bí ẹni tí ebi ò pa.
Ìyá Tasadíìtì gbé àga tirẹ̀ wá.
Àjà kọkànlá ya: yàrá wa rèé lófuurufú,
àwọ̀ ewé, ìlà pẹ́ńsù tí Màmá fi ń wọn gíga wa,
tìrẹ fi ìka mẹ́rin ju tèmi lọ.
Gbogbo ayé ń wo ibi tí mo ti ń bọ́ṣọ.

Ìwọ náà nìyẹn, akoto lórí, ọ̀pá omi lọ́wọ́,
iṣẹ́ oṣù mẹ́ta: kí o máa fomi pa eruku.
Omi rẹ gòkè láìgun àtẹ̀gùn kan,
ó dé àjà kọkànlá, ó dúró síbẹ̀.
Ọ̀gá rẹ pariwo. O ò gbọ́.

Mo ní, "Màmá, lẹ́tà ọjọ́sí..."
Ó ní, "Mo mọ̀. Ṣé mi ò rí ojú ẹ ni?
Ọ̀dà yẹn ni wọ́n ń tà ní ẹ̀dínwó."